Ẹ má ra fílítà o! Bẹ́ ẹ ṣe lè ya nẹ́búlà aláwọ̀ búlúù láti Àkúrẹ́

Ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ti gbé fọ́tò Pleiades (ìdìpọ̀ ìràwọ̀ kan tí eruku búlúù yí ká) síta báyìí, kí n tó gbé fóònù sílẹ̀ ẹnì kan á ti bi mí pé "Ẹ̀gbọ́n, fílítà wo lẹ lò?" Mi ò lo fílítà (dígí tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ níwájú kámẹ́rà) kankan. Mo wọ mọ́tò kúrò láàárín ìlú, mo lọ síbi tó ṣókùnkùn, mo sì jókòó pẹ́ níbẹ̀. Ìdáhùn yẹn kì í tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní mò ń fi àṣírí pa mọ́, torí náà ẹ jẹ́ n to gbogbo ẹ̀ síbí látòkè délẹ̀, kẹ́ni tó bá tún fẹ́ bi mí wá kà á.

Ohun tí mo gbà pé ẹ ti ní ni tẹlisíkóòpù kékeré (awò awọ̀nàjíjìn ni bàbá mi máa ń pè é), kámẹ́rà tó ṣeé yọ lẹ́ǹsì ẹ̀, àti máùǹtì oníná, ìyẹn orí tí tẹlisíkóòpù ń jókòó sí tó ń yí tẹ̀ lé ìràwọ̀. Tẹ́ ò bá ní wọn, ẹ fò lọ sísàlẹ̀ pátápátá, tiyín wà níbẹ̀.

## Kí lẹ fẹ́ yà gan-an?

Nẹ́búlà ni ìkùukùu tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Èyí tó ń pupa tẹ́ ẹ máa ń rí káàkiri, gáàsì ni, òun fúnra ẹ̀ ló ń tàn. Èyí tá à ń sọ yìí ò ní iná kankan lára. Eruku ni. Ìràwọ̀ kan wà nítòsí ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yẹn bà á, ó wá ń ta á padà sọ́dọ̀ wa, bí ìgbà tí mọ́tò bá tan iná gíga nínú ọyẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ láàárọ̀ kùtù, tó jẹ́ eruku lẹ ń rí níwájú dípò ọ̀nà. Ó ń rí búlúù torí pé eruku yẹn kéré gan-an, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló máa ń fọ́n káàkiri jù, èyí tó pupa máa ń là á kọjá.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ fílítà ti bà jẹ́. Àwọn fílítà tí wọ́n ń tà fún nẹ́búlà, yálà UHC tàbí H-alpha tàbí OIII tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní dual-band, ojú tóóró ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àwọ̀ kan tàbí méjì tí gáàsì máa ń tàn, wọ́n á ti ìyókù mọ́ta. Eruku ò ní àwọ̀ kan pàtó. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ló yá lò, gbogbo àwọ̀ ló sì wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi fílítà yẹn síwájú kámẹ́rà, nẹ́búlà gan-an lẹ tìlẹ̀kùn mọ́. Owó fílítà yẹn, ẹ fi wọ mọ́tò.

## Èwo lẹ máa kọ́kọ́ yà?

Látitúùdù Àkúrẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 7.25 lápá àríwá, nọ́ńbà yẹn ló ń pinnu ohun tó máa ga lójú ọ̀run wa àtèyí tí ò ní ga. Ẹ má kàn kó orúkọ látinú fídíò àwọn tó wà ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ràn NGC 7023, èyí tí wọ́n ń pè ní Iris, ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ lọ́dọ̀ wa kò lè ga ju dígírì 29 lọ, inú eruku àti ooru ilẹ̀ ló máa wà títí tó fi máa wọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Tiwa rèé:

- M45, ìyẹn Pleiades. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibí. Ojú lásán ń rí i, ìdìpọ̀ ìràwọ̀ mẹ́fà sí méje tó há mọ́ra. Ó máa ń ga dé dígírì 73 lọ́dọ̀ wa. Ó fẹ̀ tó dígírì méjì, torí náà tẹlisíkóòpù tí gígùn fókọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300 sí 500 ló bá a mu. Tí tiyín bá jẹ́ 1000, apá kan péré ló máa wọlé, ẹ dojú kọ ìràwọ̀ Merope, ibẹ̀ ni eruku ti pọ̀ jù.
- M78. Ó wà nínú àkójọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Orion, nǹkan bíi dígírì méjì ààbọ̀ sí Alnitak, ọ̀kan nínú ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn yẹn. Orí wa gan-an ló ń gbà kọjá. Kékeré ni, mìlímítà 500 sókè ló dáa fún un.
- NGC 1977. Òkè M42 (nẹ́búlà gáàsì ńlá inú Orion) ló wà, kò ju ààbọ̀ dígírì lọ. Ẹ̀bùn ni, tẹ́ ẹ bá ń ya M42, ẹ kàn sún férémù sókè díẹ̀.
- IC 4604, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rho Ophiuchi. Tiwa lèyí! Àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Yúróòpù, ìsàlẹ̀ ọ̀run ni wọ́n ti ń wò ó, lọ́dọ̀ wa ó ń ga dé dígírì 59. Nínú oṣù Máàṣì, ẹ jí ní aago mẹ́ta òru, ẹ yà á títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

IC 2118 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rigel, ẹ má dán an wò lọ́dún àkọ́kọ́. Ó fẹ̀, ó sì ṣú débi pé ẹ máa rò pé kámẹ́rà yín ti bà jẹ́.

## Ìgbà wo, àti níbo?

Ìparí Ọ̀kítóbà sí Nòfẹ́ńbà ló dáa jù lójú tèmi, ìgbà tí òjò ti ń dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ ò sì tíì dé, pàápàá òru ọjọ́ kejì lẹ́yìn òjò ńlá, tójú ọ̀run bá fọ̀ mọ́ nigín-nigín. Tí ọyẹ́ bá ti mú gidi, ẹ kó nǹkan yín sínú ilé. Eruku tó jìn là ń wá, eruku tó wà lórí wa níbí ló ń dí wa lọ́nà, ọ̀rọ̀ náà ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà míì. Ìgbà tí òjò kékeré kan bá rọ̀ ní Fẹ́búárì tàbí Máàṣì tó fọ eruku yẹn wálẹ̀, àǹfààní tún ṣí nìyẹn.

Fún àkókò: ní ìparí Nòfẹ́ńbà M45 máa ń dé ibi tó ga jù ní nǹkan bí aago méjìlá òru. Oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, ẹ yọ wákàtí méjì, ìyẹn ni pé ní ìparí Dìsẹ́ńbà á ti di nǹkan bí aago mẹ́wàá. M78 máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí méjì.

Òṣùpá ńkọ́? Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú òṣùpá tuntun àti ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ya gáàsì lè fi fílítà sá fún òṣùpá, àwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí. Láàárín Àkúrẹ́, Alágbàká tàbí Ìjàpọ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba, ẹ lè rí ìràwọ̀, ẹ ò ní rí eruku. Iná sẹ́kúrítì funfun tó wà lójú gbogbo géètì báyìí ló ba nǹkan jẹ́ jù. (Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, èmi nìkan ni mo máa ń dúpẹ́ ládùúgbò, ìdúpẹ́ náà kì í sì í pẹ́ torí jẹnẹrétọ̀ á ti dún.) Nǹkan tí ọ̀pọ̀ ò ronú sí ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ Àkúrẹ́ á wà sí wọn:

- Tẹ́ ẹ bá lọ sápá Ìjù àti Ìta-Ògbólú, Àkúrẹ́ á wà lápá gúúsù yín. Àríwá mọ́, M45 sì ń gba apá àríwá kọjá. Ibẹ̀ lẹ lọ fún M45.
- Tẹ́ ẹ bá lọ sápá Ìdànrè, Àkúrẹ́ á wà lápá àríwá-ìlà-oòrùn, ibẹ̀ gan-an ni M45 ti ń yọ. Ẹ óò dúró títí á fi ga kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n fún Rho Ophiuchi tó ń gba gúúsù, Ìdànrè ló dáa. Ẹ kàn ṣọ́ra fún àpáta, tẹ́ ẹ bá dúró sísàlẹ̀ láàárín wọn, ìdajì ọ̀run ti lọ.

Ẹ má dá lọ o. Mo mọ bí ọ̀nà ṣe rí lásìkò yìí. Ẹ dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀ di àárọ̀, nínú ọgbà ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, kó má jẹ́ etí títì. Ẹ lọ kí baálẹ̀, ẹ jẹ́ káwọn ọdẹ àtàwọn Àmọ̀tẹ́kùn ibẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, torí pé tẹlisíkóòpù lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú òkùnkùn, ìbọn ńlá ló jọ. Bàbá ọdẹ kan ti tan tọ́ọ̀ṣì sójú wa rí tó ní ká dọ̀bálẹ̀ ná ká tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí mo fi Jupiter hàn án, bàbá náà ò lọ mọ́, òun ló wá ń lé àwọn ọmọ tó ń tan iná fóònù kúrò lọ́dọ̀ wa títí di aago méjì.

## Ẹrù tẹ́ ẹ máa kó

- tẹlisíkóòpù, máùǹtì, wéètì ẹ̀, àti ẹsẹ̀ mẹ́ta
- kámẹ́rà, bátìrì méjì, mẹ́mórì tó ṣófo
- bátìrì 12V. Ká ní máùǹtì àti bẹ́líìtì tó ń gbóná jọ ń jẹ wáàtì 20, wákàtí mẹ́fà á jẹ nǹkan bí 10Ah, ẹ má sì jẹ́ kí bátìrì olómi lọ kọjá ìdajì, torí náà 20Ah ló kéré jù
- bẹ́líìtì ìgbóná fún ojú lẹ́ǹsì (ẹ má fojú di èyí, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀)
- tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ fi ọ̀rá pupa dì lójú
- Bahtinov mask, ìyẹn ike oníhò tẹ́ ẹ fi ń ṣe fókọ́ọ̀sì
- pákó pẹlẹbẹ mẹ́rin, kí kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì
- síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́
- òògùn ẹ̀fọn, aṣọ òtútù, oúnjẹ

Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Ó ń gbọn ilẹ̀, ìràwọ̀ yín á sì gùn bí ìrẹsì.

## Wàhálà òpó àríwá: apá tí fídíò òyìnbó ò ní kọ́ yín

Kí máùǹtì tó lè tẹ̀ lé ìràwọ̀ dáadáa, igi àárín ẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú kọ òpó àríwá ọ̀run, ìyẹn ibi tí gbogbo ìràwọ̀ ń yí po. Gbogbo fídíò ló máa sọ pé "ẹ kàn wo Polaris nínú ihò kékeré yẹn", ìyẹn ìràwọ̀ tó wà nítòsí òpó yẹn. Polaris wo? Lọ́dọ̀ wa dígírì méje péré ló fi ga sókè ilẹ̀. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú kẹ́ ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó dígírì mẹ́wàá, Polaris ò tó o. Igi kòkó bò ó, òrùlé bò ó, tí nǹkan kan ò bá sì bò ó, eruku á mú un. Èmi ti ń ṣe èyí láti ọdún mélòó kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i kedere.

Àwọn nǹkan mẹ́ta lẹ máa bá pàdé:

Máùǹtì ò fẹ́ rẹlẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀ ju dígírì 10 tàbí 15 lọ. Ẹ má fi túláàsì tẹ bóòtù ẹ̀, ó máa ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ kọ sí àríwá, kẹ́ ẹ wá fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ méjì tó wà lápá gúúsù kí gbogbo ẹ̀ fì síwájú. Fún ẹsẹ̀ mẹ́ta tó fẹ̀ tó 80cm síra wọn, pákó tó ga tó 4cm á fún yín ní dígírì mẹ́ta.

Wéètì máa ń kọlu ẹsẹ̀. Torí pé igi àárín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbọọrọ, wéètì ń fì nísàlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wà. Ẹ fọwọ́ yí i yípo ní ọ̀sán kẹ́ ẹ wo ibi tó ti kan, má jẹ́ n gbọ́ pé òru lẹ mọ̀. Wéètì wúwo tó sún mọ́ orí dáa ju méjì fúyẹ́ tó jìnnà, tí owó bá sì wà, ẹ fi pọ́ọ̀lù kúkúrú sáàárín máùǹtì àti ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Polaris ò sí. Tẹ́ ẹ bá ní láptọ́ọ̀pù, áàpù NINA jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Three Point Polar Alignment tó ń ya ojú ọ̀run níbi mẹ́ta, á ka àwọn ìràwọ̀ ibẹ̀, á wá sọ fún yín bẹ́ ẹ ṣe máa yí skúrúù. Kò nílò Polaris rárá. Tẹ́ ò bá ní láptọ́ọ̀pù, ọ̀nà àtijọ́ rèé, ó máa gbà yín tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú:

1. Ẹ fi kọ́ńpáàsì kọ máùǹtì sí àríwá, kí fóònù jìnnà sí irin. Ẹ fi áàpù tó ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀ gbé igi àárín sí dígírì méje.
2. Ẹ wá ìràwọ̀ kan tó wà lókè orí, láàárín ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, tí kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ọ̀run, èyí tó pín ọ̀run sí àríwá àti gúúsù. Ìlà yẹn ò jìnnà sí orí wa gan-an, níbi tí ìgbànú Orion (ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn yẹn) ń gbà, torí náà èyí rọrùn fún wa.
3. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá ń sún lọ sí gúúsù, máùǹtì yín ti dojú kọ ìlà-oòrùn jù, ẹ yí i padà sí ìwọ̀-oòrùn. Tó bá ń sún sí àríwá, ẹ ṣe òdì kejì ẹ̀.
4. Ẹ wá ìràwọ̀ míì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lápá ìlà-oòrùn. Tó bá ń sún sí gúúsù, igi àárín rẹlẹ̀ jù. Tó bá ń sún sí àríwá, ó ga jù.
5. Ẹ tún padà sí ti àkọ́kọ́, ẹ ṣe é títí ìràwọ̀ fi máa dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

## Yíyà fúnra ẹ̀

1. Ẹ gbé tẹlisíkóòpù síta kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ara ẹ̀ tutù bá afẹ́fẹ́ mu. Ẹ tan bẹ́líìtì ìgbóná nísinsìnyí, ẹ má dúró de ìrì.
2. Lẹ́yìn òpó àríwá, ẹ dojú kọ ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ bí Aldebaran, ẹ fi Bahtinov sójú, ẹ yí fókọ́ọ̀sì títí ìlà àárín fi máa wà láàárín méjì tó kù gẹ́lẹ́. Ẹ yọ ọ́. (Ẹ yọ ọ́ o! Mo ti ya odidi wákàtí kan pẹ̀lú ẹ̀ lójú rí.)
3. Kámẹ́rà: RAW, Manual, ISO 800 tàbí 1600, kẹ́ ẹ pa noise reduction inú ẹ̀.
4. Ẹ ya ẹyọ kan fún sẹ́kọ́ńdì 60, ẹ wo hístógíràmù, ìyẹn àwòrán inú kámẹ́rà tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pọ̀ tó hàn. Òkè kékeré inú ẹ̀ yẹ kó wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta láti apá òsì. Tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri òsì, ẹ fi kún àkókò. Tó bá ti dé àárín, ìlú ṣì wà lójú ọ̀run yín, ẹ dín in kù.
5. Ẹ sọ fọ́tò yẹn di ńlá kẹ́ ẹ wo ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́. Tó bá gùn, ẹ dín àkókò kù tàbí kẹ́ ẹ fi kámẹ́rà kékeré tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ kún un pẹ̀lú áàpù PHD2. Pẹ̀lú ẹ̀, sẹ́kọ́ńdì 120 sí 180 ò le.
6. Ẹ ya ọ̀pọ̀ yanturu. Ọgọ́ta fọ́tò oní sẹ́kọ́ńdì 120 jẹ́ wákàtí méjì, ìyẹn ló kéré jù fún M45. M78 ń fẹ́ mẹ́rin sókè, ẹ lè pín in sí òru méjì.
7. Lẹ́yìn fọ́tò mẹ́ta mẹ́ta, ẹ sún férémù díẹ̀, píksẹ́ẹ̀lì mélòó kan tó.
8. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ẹ padà wo fókọ́ọ̀sì àti ojú lẹ́ǹsì. Ẹ ṣọ́ M78 dáadáa, torí pé òkè orí gan-an ló ń gbà, ẹ̀yìn kámẹ́rà lè lọ kan ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí kí wáyà fà.
9. Kẹ́ ẹ tó tú ẹrù, ẹ dé ojú tẹlisíkóòpù, ẹ ya 20 sí 30 pẹ̀lú àkókò àti ISO kan náà. Àwọn yẹn ni dark.
10. Tílẹ̀ bá ń mọ́, ẹ na síńgílẹ́ẹ̀tì funfun bo ojú ẹ̀ kó má ká jọ, ẹ kọ ọ́ sókè ọ̀run, ẹ ya 20 sí 30 kí hístógíràmù wà láàárín. Àwọn yẹn ni flat. Ẹ ò gbọ́dọ̀ yí kámẹ́rà tàbí fókọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó yà wọ́n.

Ohun kan tó ń já àwọn èèyàn kulẹ̀: fọ́tò kan ṣoṣo lẹ́yìn kámẹ́rà ò ní fi nǹkan kan hàn yín. Tójú yín bá mú, ẹ lè rí àbàwọ́n kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Merope. Ẹ máa yà lọ.

## Ìrì

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi ní Ọba-Ilé ni mo ti ń ya M45. Nígbà tó di bí aago mọ́kànlá, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dára! Ìmọ́lẹ̀ rọ̀mù-rọ̀mù wọ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan lára, ó rọ̀ bí òwú, búlúù díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Mo pariwo pe ìyàwó mi jáde. Mo fi fóònù ya ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí, àwọn àǹtí mi ń fi àtẹ́lẹwọ́ ránṣẹ́ padà. Ó di aago méjìlá, ìmọ́lẹ̀ yẹn tún ń tóbi sí i, àwọn ìràwọ̀ kéékèèké wá ń pòórá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sójú lẹ́ǹsì. Omi! Ó bò ó bí ojú dígí mọ́tò láàárọ̀. Kò sí nẹ́búlà kankan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìrì Ọba-Ilé ni mo fi han gbogbo ẹbí, títí dòní wọn ò sì mọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ rèé:

- Ìrì máa ń rí róbótó, bákan náà lára gbogbo ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, títí kan èyí tó jìnnà sí Pleiades. Nẹ́búlà ò dọ́gba, ó rí bíi pé wọ́n fi kóòmù ya á, ó pọ̀ lára Merope tó sì na lọ sápá gúúsù ẹ̀.
- Ìrì ń tóbi bí òru ṣe ń lọ. Nẹ́búlà ò yí padà láti fọ́tò àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

Láti dènà ẹ̀, bẹ́líìtì ìgbóná ló dáa jù. Ẹ tún lè gé fóòmù dúdú, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sùn, kẹ́ ẹ ká a yí ojú tẹlisíkóòpù ká kó yọ síwájú tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ lẹ́ǹsì. Tí ìrì bá ti mú un, ẹ má fi aṣọ nù ún, eruku ọyẹ́ tó wà níbẹ̀ á ha lẹ́ǹsì yín. Ẹ fi dráyà irun fẹ́ ẹ láti ọ̀nà jíjìn, tí ìnfátà bá wà, àbí kẹ́ ẹ dà á bolẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sùn.

## Lórí kọ̀ǹpútà

Áàpù Siril tó fún gbogbo iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni. DeepSkyStacker náà wà fún Windows.

1. Ẹ yọ fọ́tò tí ìràwọ̀ ẹ̀ gùn, èyí tí àwọsánmà wọ̀, èyí tí ọdẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí. Ẹ má ṣàánú wọn.
2. Ẹ to ìyókù léra pẹ̀lú dark àti flat. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yanrìn-yanrìn inú fọ́tò ń lọ, àmọ́ kó tó lè dín kù sí ìdajì, iye fọ́tò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.
3. Ẹ gé etí ẹ̀ tí ò dọ́gba kúrò.
4. Ẹ yọ ìmọ́lẹ̀ ìlú, pẹ̀lú Siril tàbí GraXpert. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn pa nẹ́búlà. Ẹ̀rọ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ Àkúrẹ́ àti eruku tó tàn kálẹ̀ yí Pleiades ká, tẹ́ ẹ bá ní kó dá a ṣe á kó méjèèjì dànù. Ẹ fọwọ́ ara yín fi àmì síbi tó dúdú gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, àmì díẹ̀ tó.
5. Ẹ jẹ́ kí Siril fi àwọ̀ ìràwọ̀ tún àwọ̀ ṣe kẹ́ ẹ tó fà á sókè.
6. Ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin. Tí ẹ̀yìn ọ̀run bá ti dúdú kíríkírí, ẹ ti gé eruku kúrò, ẹ fi sílẹ̀ kó rí bí eérú dúdú.
7. Búlúù: ẹ fi kún un ní ìwọ̀nba. Mo rí ọ̀pọ̀ tó ti dà bí omi Omo.

## Tẹ́ ò bá ní gbogbo èyí

Tẹlisíkóòpù aládàáṣe bíi Seestar S50. Ó ń fúnra ẹ̀ wá nǹkan, ó ń tò wọ́n léra, ẹ lè yàn sẹ́kọ́ńdì 10, 20 tàbí 30. Ìṣòro tiwa ni pé bí nǹkan bá ti wà lókè orí, irú ẹ̀rọ yìí kì í lè tẹ̀ lé e dáadáa, férémù á máa yí bírí. Ẹ ya M78 kó tó dé òkè tàbí lẹ́yìn tó bá ti kọjá, láàárín dígírì 30 sí 70. Ipò tí wọ́n ti ń dà á dagẹ̀rẹ̀ kọ òpó àríwá, ẹ ṣọ́ra fún un níbí, ní dígírì méje ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀ pátápátá, ó lè ṣubú. M45 ò ní wọlé tán nínú férémù ẹ̀, àyàfi tẹ́ ẹ bá lo mosaic, ìyẹn kó yà á lápá lápá kó wá pa wọ́n pọ̀. Ẹ rántí pa fílítà nẹ́búlà inú ẹ̀ náà!

Kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì 135mm láìsí máùǹtì. Ó ṣeé ṣe fún M45. Sẹ́kọ́ńdì méjì péré, ISO 3200, ojú lẹ́ǹsì ní f/2.8 tàbí kó ṣí jù bẹ́ẹ̀, ẹ ya tó ẹgbẹ̀rún kan, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ sún un padà sáàárín lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Ọwọ́ á ro yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà níbi tó ṣókùnkùn dáadáa, eruku Merope á yọ díẹ̀.

Fóònù nìkan. Ẹ fi sórí nǹkan tí ò mì, ipò alẹ́, sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá. Ìràwọ̀ mẹ́fà méje lẹ máa rí. Ẹ ò ní rí eruku, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé fóònù òun rí i, ẹ bi í bóyá ó nu ojú kámẹ́rà ẹ̀.